Bayard Rustin, Ẹni tí ó Ṣètò Ìwọ́de Washington

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ìjà òmìnira àwọn ènìyàn dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà, orúkọ Martin Luther King ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ẹnu tolórí tẹlẹ́mù. Àwọn ọmọ ilé-ìwé mọ̀ pé ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ ọdún 1963, nǹkan bí 250,000 ènìyàn péjọ sí iwájú ilé ìrántí Abraham Lincoln ní ìlú Washington, àti pé níbẹ̀ ni King ti sọ ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé gbọ́. Ṣùgbọ́n irú ogunlọ́gọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣàdédé péjọ. Ẹnìkan ni ó ṣe ètò ọkọ̀ tí ó kó wọn dé ibẹ̀, tí ó ṣírò omi tí wọn yóò mu, tí ó yan àwọn tí yóò máa ṣọ́ wọn, tí ó sì rí i pé wọ́n padà sí ilé wọn láìsí ìjà. Bayard Rustin ni orúkọ ẹni náà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún àwọn ìwé ìtàn kì í fi bẹ́ẹ̀ dárúkọ rẹ̀. Ohun tí ó fa èyí ni pé ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ni Rustin máa ń fẹ́, bí àwọn ọkùnrin mìíràn ti ń fẹ́ obìnrin, kò sì gbà láti máa fi irọ́ bo ara rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ìtàn rẹ̀ jẹ mọ́ ìbéèrè kan tí kò mọ sí ilẹ̀ Amẹ́ríkà nìkan. Nígbà tí ẹgbẹ́ kan bá ń jà pé kí a má ṣe tìtorí ohun tí ènìyàn jẹ́ gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ni ẹgbẹ́ náà yóò ṣe sí ọmọ ẹgbẹ́ tirẹ̀ tí ayé ń nà ní ìka? Ìgbà méjì ni àwọn ẹlẹgbẹ́ Rustin dáhùn ìbéèrè yìí ní gbangba, ní 1960 àti ní 1963. Ìdáhùn méjèèjì kò bára mu, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn ni ó sì yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn yẹ̀ wò dáradára.

Ilé àti Ìsìn tí a fi Tọ́ ọ

Ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ọdún 1912 ni a bí Rustin ní ìlú West Chester, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Ìyá rẹ̀, Florence, ṣì kéré nígbà náà, bàbá rẹ̀ kò sì fẹ́ ẹ sílé. Àwọn òbí Florence, Janifer àti Julia Rustin, ni wọ́n gba ọmọ náà tọ́ bí ọmọ bíbí inú wọn, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ka ìyá tí ó bí i sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kí ó tó mọ òtítọ́ ọ̀rọ̀. Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ti àwọn ènìyàn dúdú ni bàbá àgbà ń lọ, ibẹ̀ ni ìyá àgbà náà sì ń bá a lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà àwọn Kuékà ni a fi tọ́ Julia láti kékeré, ọ̀nà yìí ni òun náà sì fi tọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ìsìn Kuékà ti bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 1650, nípasẹ̀ ìwàásù George Fox. Ẹgbẹ́ Àwọn Ọ̀rẹ́ ni wọ́n ń pe ara wọn. Nínú ìpàdé ìsìn wọn ti ìpilẹ̀ṣẹ̀, kò sí àlùfáà, kò sí pẹpẹ, kò sí orin. Gbogbo ìjọ yóò jókòó jẹ́ẹ́. Ẹni tí Ẹ̀mí bá mí sí, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin, ni yóò dìde sọ̀rọ̀. Ìdí èyí ni pé wọ́n gbà pé ìmọ́lẹ̀ Ọlọ́run wà nínú olúkúlùkù ènìyàn. Ẹni tí ó bá gba èyí gbọ́ kò ní lè gbé ìbọn láti pa ẹnìkejì rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò ní lè rà á bí ẹni ra ẹran. Ìdí nìyí tí àwọn Kuékà fi kọ ogun, òun náà sì ni ó mú kí ìpàdé wọn ní Philadelphia pàṣẹ ní 1776 pé ọmọ ìjọ kankan kò gbọdọ̀ ní ẹrú mọ́.

Ẹ̀kọ́ tí Julia fi sí ọmọ náà lọ́kàn kò gùn: ìdílé kan ṣoṣo ni gbogbo ènìyàn, kò sì sí ẹni tí kò jámọ́ nǹkan nínú rẹ̀. Ìwà rẹ̀ sì bá ẹ̀kọ́ náà mu. Ó wà lára àwọn tí ó tètè wọ ẹgbẹ́ N.A.A.C.P., tí ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn dúdú. Nígbà tí àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ náà bá sì wá sí West Chester, tí ilé àlejò àwọn òyìnbó kò gbà wọ́n, ilé rẹ̀ ni wọ́n máa ń wọ̀ sí. Nígbà tí Rustin di ọ̀dọ́mọkùnrin, ó sọ fún ìyá àgbà pé ọ̀dọ̀ àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ òun ni ọkàn òun ń fà sí. Gẹ́gẹ́ bí òun tìkára rẹ̀ ti sọ ọ́ nígbà tí ó di àgbàlagbà, ìyá àgbà kò bá a jà, kò sì lé e jáde. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó sì fi í sílẹ̀ ní ipò ọmọ tí ó wà. Àwọn àgbà ní ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ohun tí Rustin kó jáde ní ilé Julia ni ó gbé e ró ní ọjọ́ tí ayé kọ̀ ọ́.

Bí Ìgbàgbọ́ Rẹ̀ ti Di Iṣẹ́

Ní 1937 Rustin kó lọ sí Harlem ní New York. Ohùn orin rẹ̀ dára púpọ̀, orin sì wà lára ohun tí ó fi ń jẹun. Ó wọ ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ Kọ́múníìsì nítorí pé wọ́n ń gbógun ti ìyàsọ́tọ̀ nítorí àwọ̀. Ní 1941, nígbà tí Jámánì kọlu Rọ́ṣíà, tí ẹgbẹ́ náà ní kí a pa ìjà yìí tì ná, ó fi wọ́n sílẹ̀. Ọdún yìí kan náà ni ó di ọmọ ẹ̀yìn A. Philip Randolph. Ọmọ àlùfáà Mẹ́tọ́díìsì ni Randolph, òun ni ó sì jẹ́ olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí àwọn ènìyàn dúdú tí ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú irin dá sílẹ̀ ní 1925. Ó ti kìlọ̀ fún Ààrẹ Roosevelt pé bí àwọn ilé iṣẹ́ tí ń rọ ohun ìjà kò bá gba ènìyàn dúdú sí iṣẹ́, òun yóò kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn wá wọ́de ní Washington. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹfà ọdún 1941, Ààrẹ fi ọwọ́ sí àṣẹ tí ó de ìyàsọ́tọ̀ ní àwọn ilé iṣẹ́ náà, Randolph sì dá ìwọ́de dúró. Inú bí Rustin pé a dá a dúró, ṣùgbọ́n kò gbàgbé rẹ̀. Ọdún 22 ni èrò náà fi sùn kí ó tó jí.

Lẹ́yìn èyí ni ó lọ ṣiṣẹ́ ní ẹgbẹ́ F.O.R., ẹgbẹ́ àwọn onígbàgbọ́ tí ń wá àlàáfíà láàárín ènìyàn, èyí tí A. J. Muste jẹ́ olórí rẹ̀. Níbẹ̀ ni ó ti kẹ́kọ̀ọ́ ọ̀nà tí Gandhi ń gbà jà ní Íńdíà: kí a kọ òfin búburú, kí a má sì gbé ọwọ́ sókè sí ẹni tí ó bá lù wá nítorí rẹ̀, kí gbogbo ẹni tí ó ń wòran lè rí ẹni tí ó jẹ̀bi. Ní 1942, nínú bọ́ọ̀sì tí ń lọ sí Nashville, Rustin kọ̀ láti dìde lọ sí ẹ̀yìn, níbi tí òfin yà sọ́tọ̀ fún ènìyàn dúdú. Àwọn ọlọ́pàá lù ú, kò lù wọ́n padà. Ní 1944 ó kọ̀ láti lọ sí ogun, kò sì gba iṣẹ́ tí ìjọba ń fún àwọn ẹlẹ́sìn bí tirẹ̀ ṣe dípò ogun. Ó lo ọdún méjì àti oṣù díẹ̀ ní ẹ̀wọ̀n. Ní 1947, ọkùnrin 16, dúdú mẹ́jọ àti funfun mẹ́jọ, wọ bọ́ọ̀sì lọ sí àwọn ìpínlẹ̀ tí ó wà lápá Gúúsù láti dán ìdájọ́ Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ wò, èyí tí ó ti sọ ní 1946 pé ìyàsọ́tọ̀ kò tọ́ nínú bọ́ọ̀sì tí ń ti ìpínlẹ̀ kan lọ sí òmíràn. Rustin wà lára wọn. Wọ́n mú un ní Chapel Hill ní North Carolina, nígbà tí ó sì di 1949 ó ṣe ẹ̀wọ̀n ọjọ́ 22 láàárín àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí a ń kó lọ ṣiṣẹ́ ojú ọ̀nà. Ó di ọdún 2022 kí ilé-ẹjọ́ ibẹ̀ tó fagi lé ẹ̀sùn náà.

Ìjà yìí gbé e dé òkèèrè. Ó dé Íńdíà ní ọdún 1948, lẹ́yìn ikú Gandhi. Ní 1952 ó wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà, sí Gold Coast àti Nàìjíríà, ó sì bá Kwame Nkrumah àti Nnamdi Azikiwe sọ̀rọ̀. Ó padà sí Amẹ́ríkà pẹ̀lú èrò pé òun yóò tún wá sí Nàìjíríà láti bá àwọn tí ń jà fún òmìnira ṣiṣẹ́. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1953 kò jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀ràn Pasadena

Ní òru ọjọ́ 21 oṣù Kìíní náà, lẹ́yìn tí Rustin ti bá àwùjọ kan sọ̀rọ̀ ní Pasadena, ní California, ọlọ́pàá mú un pẹ̀lú àwọn ọkùnrin méjì nínú ọkọ̀ tí ó dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà. Ilé-ẹjọ́ rán an ní ẹ̀wọ̀n ọjọ́ 60. Kí a tó lè mọ bí ọ̀ràn yìí ti wúwo tó, ó yẹ kí a mọ irú ìgbà tí ó jẹ́. Ní 1953, kò sí ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà tí òfin rẹ̀ kò ka ìbálòpọ̀ láàárín ọkùnrin méjì sí ọ̀ràn. Illinois ni ó kọ́kọ́ yí tirẹ̀ padà, ní 1961. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1953 yìí kan náà ni Ààrẹ Eisenhower fi ọwọ́ sí àṣẹ tí a fi lé irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ kúrò nínú iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Ẹni tí àṣírí rẹ̀ bá tú lè pàdánù iṣẹ́, ilé àti orúkọ rere ní ọjọ́ kan ṣoṣo.

Kí ó tó jáde ní ẹ̀wọ̀n, ẹgbẹ́ F.O.R., tí ó ti sìn fún ọdún 12, ti já a sílẹ̀. Muste, tí ó mú bí bàbá, kò dá wọn lẹ́kun. Ẹgbẹ́ mìíràn tí ń lòdì sí ogun, War Resisters League, ni ó gbà á sí iṣẹ́. Ní 1955, ìgbìmọ̀ ìrànlọ́wọ́ ti àwọn Kuékà tẹ ìwé pàtàkì kan jáde lórí bí a ti lè wá àlàáfíà láìlo ohun ìjà. Rustin wà lára àwọn tí ó kọ ọ́, ṣùgbọ́n wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú orúkọ àwọn òǹkọ̀wé.

Ó yẹ kí a fi ojú sí èyí. Àwọn tí ń wàásù pé ìmọ́lẹ̀ Ọlọ́run wà nínú olúkúlùkù ènìyàn ni wọ́n yọ orúkọ náà. Ìkórìíra kọ́ ni ó mú wọn ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù ni ó bà wọ́n pé àwọn ọ̀tá yóò ti ara Rustin da ẹrẹ̀ sí iṣẹ́ rere tí wọ́n ń ṣe. Ẹ̀rù yìí ni yóò máa tẹ̀lé e kiri fún ọdún mẹ́wàá, ibi gbogbo tí ó bá sì dé, yóò máa wọ aṣọ ọgbọ́n.

Ní Ẹ̀gbẹ́ King

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1955, àwọn ènìyàn dúdú ìlú Montgomery, ní Alabama, kọ bọ́ọ̀sì ìlú náà sílẹ̀ nítorí ìyàsọ́tọ̀. King, tí ó jẹ́ àlùfáà ọmọ ọdún 26, ni wọ́n fi ṣe olórí. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kìíní ọdún 1956, ẹnìkan ju àdó olóró sí ilé rẹ̀. Oṣù tí ó tẹ̀lé e ni Rustin dé ìlú náà. Ìbọn ni ó bá ní ilé King. Lórí àga ni ọ̀kan tilẹ̀ wà, níbi tí akọ̀ròyìn kan tí ó bá a lọ fẹ́ jókòó lé. King gbà pé kò yẹ kí a fi ipá jà, ṣùgbọ́n kò tíì rò ó dé ibi tí ó fi kan ìbọn tí ń ṣọ́ ilé ẹni. Rustin ṣàlàyé fún un pé ẹni tí yóò ṣáájú irú ìjà yìí kò lè ní ìbọn nínú ilé, nítorí pé ohun tí olórí bá ń ṣe ní yàrá ni àwọn ọmọ ẹ̀yìn yóò ṣe ní ìta gbangba. Láìpẹ́ King kó ìbọn kúrò nílé.

Rustin kò pẹ́ níbẹ̀. Àwọn kan nínú àwọn aṣáájú bẹ̀rù pé bí àwọn òyìnbó Alabama bá gbọ́ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀, wọn yóò fi í pa ìjà náà kú. Kò tó oṣù kan tí ó fi kúrò ní ìlú, ṣùgbọ́n láti New York ó ń kọ ìwé fún King, ó ń wá owó fún un, ó sì ń gbà á nímọ̀ràn. Òun, Ella Baker àti Stanley Levison ni wọ́n jọ ro ètò ẹgbẹ́ S.C.L.C. tí King di olórí rẹ̀ ní 1957.

Láàárín ìgbà yìí ó tún padà wá sí Áfríkà. Nígbà tí ilẹ̀ Faransé fẹ́ dán àdó olóró átọ́míìkì wò ní aṣálẹ̀ Sàhárà, Rustin lọ sí Ghana ní ìparí ọdún 1959 láti bá ẹgbẹ́ kan rìn tí ó fẹ́ wọ aṣálẹ̀ náà, kí ara wọn lè jẹ́ ìdènà. Àwọn ará Ghana, ará Nàìjíríà àti òyìnbó wà nínú ẹgbẹ́ náà. Àwọn Faransé dá wọn dúró ní ibodè, àdó náà sì dún ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 1960. Ọ̀ràn Sàhárà yìí kò parí síbẹ̀: ní oṣù Kìíní ọdún 1961, ìjọba Nàìjíríà lé aṣojú ilẹ̀ Faransé jáde nítorí rẹ̀.

Ìdáhùn ti 1960

Ní 1960, King àti Randolph ń múra láti ṣe ìwọ́de níbi ìpàdé ńlá ẹgbẹ́ òṣèlú Dẹmọkirátì. Rustin ni ó ń ṣètò rẹ̀. Adam Clayton Powell, tí ó jẹ́ aṣòfin àti àlùfáà ìjọ ńlá kan ní Harlem, kò fẹ́ kí ìwọ́de náà wáyé. Ó ránṣẹ́ sí King pé bí kò bá dá a dúró, òun yóò sọ fún gbogbo ayé pé òun àti Rustin jọ ń ṣe bí olólùfẹ́. Irọ́ ni. Powell fúnra rẹ̀ kò sọ pé òun ní ẹ̀rí kankan. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ba King, ó sì fà sẹ́yìn. Nígbà tí Rustin rí i bẹ́ẹ̀, ó kọ̀wé fi iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dọ̀ King sílẹ̀, King sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

James Baldwin, òǹkọ̀wé ọmọ Harlem tí òun náà máa ń fẹ́ ọkùnrin, sọ ọ́ nínú àròkọ kan ní 1961 pé ohun tí King ṣe yìí bu iyì rẹ̀ kù lójú àwọn ọ̀dọ́. Àwọn àgbà ní àìkọ́wọ̀ọ́rìn ejò ni ó ń jẹ ejò níyà. Ní 1960, ẹnìkan ṣoṣo ni a halẹ̀ mọ́, òun nìkan ni ó sì jẹ ìyà rẹ̀.

Ìdáhùn ti 1963

Ní ọjọ́ 2 oṣù Keje ọdún 1963, àwọn olórí ẹgbẹ́ mẹ́fà pàdé ní New York láti jí ìwọ́de tí Randolph dá dúró ní 1941. Kò sí ẹni tí ó mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tó Rustin, gbogbo wọn ni ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Roy Wilkins, olórí N.A.A.C.P., kò gbà kí a fi í ṣe alákòóso. Ó ní ẹni tí ó ti bá Kọ́múníìsì rìn, tí ó kọ̀ láti jagun, tí a sì mú ní Pasadena, òun ni àwọn ọ̀tá yóò fi ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Randolph kò bá a jiyàn. Ó gbà láti jẹ́ alákòóso fúnra rẹ̀, ó sì ní ẹ̀tọ́ òun ni láti yan igbákejì òun. Rustin ni ó yàn. Bẹ́ẹ̀ ni oyè fi jẹ́ ti Randolph, tí iṣẹ́ sì jẹ́ ti Rustin.

Iṣẹ́ náà pọ̀, ọjọ́ tí ó kù kò sì tó 60. Nínú ilé kan ní òpópónà 130 ní Harlem, Rustin àti àwọn ọ̀dọ́ tí ń bá a ṣiṣẹ́ kọ ìwé kékeré kan tí ó sọ fún olúkúlùkù ohun tí yóò ṣe: ìgbà tí bọ́ọ̀sì yóò dé àti ìgbà tí yóò lọ, irú oúnjẹ tí ó yẹ kí a gbé dání tí oòrùn kò ní tètè bà jẹ́, ibi tí omi wà, ibi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà, ibi tí dókítà wà. Ó lé ní 2,000 bọ́ọ̀sì tí wọ́n ṣètò fún, yàtọ̀ sí ọkọ̀ ojú irin. Àwọn ọlọ́pàá dúdú láti New York yọ̀ǹda ara wọn láti ṣọ́ èrò, Rustin sì ní kí wọ́n má gbé ìbọn. Ó kọ́ wọn bí a ti ń yí oníjà ká títí ọkàn rẹ̀ yóò fi rọ̀. Ó tẹnu mọ́ ọn pé ẹ̀rọ gbohùngbohùn gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ó dára jù lọ, bí ó tilẹ̀ wọ́n, nítorí pé èrò tí kò gbọ́ ohun tí à ń sọ kì í pẹ́ bẹ̀rẹ̀ rògbòdìyàn. Bí èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí bá yẹ̀, tí ènìyàn díẹ̀ bá ja ìjà ní Washington ní ọjọ́ náà, àwọn tí kò fẹ́ òfin ẹ̀tọ́ ìlú ti rí àwáwí tí wọ́n ń wá.

Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹjọ, nígbà tí ó ku ọjọ́ 15, Strom Thurmond, aṣòfin àgbà láti South Carolina, dìde ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà, ó sì ka gbogbo ìtàn Rustin jáde: ti Kọ́múníìsì, ti ogun, àti ti Pasadena. Gbogbo ohun tí Wilkins bẹ̀rù ni ó ṣẹ. Ṣùgbọ́n Randolph pe àwọn akọ̀ròyìn, ó sì sọ fún wọn, ní orúkọ gbogbo àwọn olórí ìwọ́de, pé àwọn mọ Rustin, àwọn mọ ìwà rẹ̀, àwọn sì fọkàn tán an pátápátá. Kò sẹ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, kò sì tọrọ àforíjì. Ó ní àwọn tí ń fi òmìnira du ènìyàn ni wọ́n ń fi ìwà rere bojú. Wilkins pàápàá kò sọ pé kí a lé Rustin mọ́, King náà sì dúró tì í. Ẹni tí a bá ń bá ná ọjà ni à ń wò. A kì í wo ariwo ọjà. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ọ̀rọ̀ Thurmond lọ sílẹ̀.

Kí ni ó dé tí ohun tí ó lé Rustin lọ ní 1960 kò lè mì í ní 1963? Ní 1960, ìkọ̀kọ̀ ni Powell ti ń halẹ̀, ìkọ̀kọ̀ náà sì ni ohun ìjà rẹ̀: niwọ̀n ìgbà tí King ń bẹ̀rù kí ọ̀rọ̀ má tú, ẹni tí ó di ọ̀rọ̀ náà mú ni ó ń pàṣẹ fún un. Ní 1963, gbangba ni Thurmond ti sọ ọ́. Nígbà tí àwọn tí a fẹ́ dẹ́rù bà gbọ́ ọ, tí wọ́n sì jùmọ̀ sọ pé àwọn kò lé ẹnìkan, kò sí ohun tí ó kù tí a lè fi halẹ̀ mọ́ wọn. Rustin tí ó wà ní 1960 náà ni ó wà ní 1963. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n yí padà. Síbẹ̀, kí a má ba òtítọ́ jẹ́, ìdáhùn àbọ̀ ni, nítorí pé oyè tí ó tọ́ sí i ṣì wà lórí ẹlòmíràn.

Ní ọjọ́ 28, gbogbo rẹ̀ lọ bí a ti tò ó. Lẹ́yìn tí King ti sọ̀rọ̀, Rustin dìde níwájú èrò, ó ka ohun tí wọ́n wá bèèrè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn èrò sì ń fi igbe gbà á. Nínú oṣù Kẹsàn-án, ìwé ìròyìn Life gbé àwòrán rẹ̀ àti ti Randolph sí ojú ìwé àkọ́kọ́. Òfin Ẹ̀tọ́ Ìlú jáde ní ọjọ́ 2 oṣù Keje ọdún 1964, òfin ẹ̀tọ́ ìdìbò sì tẹ̀lé e ní oṣù Kẹjọ ọdún 1965.

Ìgbà Ogbó àti Ìrántí Rẹ̀

Láti 1965 Rustin ń ṣe alákòóso ilé iṣẹ́ kan tí a fi orúkọ Randolph sọ, tí ń so àwọn ènìyàn dúdú pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni inú wọn dùn sí i ní ìgbà yìí. Àwọn ọ̀dọ́ bínú pé ẹni tí ó ti ṣẹ̀wọ̀n nítorí àlàáfíà kò gbé ohùn sókè tó lòdì sí ogun Vietnam, àwọn mìíràn sì ní ó ti sún mọ́ àwọn olóṣèlú jù. Àríyànjiyàn yìí kò tíì tán láàárín àwọn òpìtàn.

Ní 1977 ó pàdé Walter Naegle, wọ́n sì jọ gbé títí Rustin fi kú. Nítorí pé òfin ìgbà náà kò gbà kí ọkùnrin fẹ́ ọkùnrin, Rustin gba Naegle ṣe ọmọ lábẹ́ òfin ní 1982, kí ó lè ní ẹ̀tọ́ lẹ́bàá ibùsùn àìsàn rẹ̀ àti sí ogún rẹ̀. Ní ọdún wọ̀nyí ni ó tó bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ ní gbangba nípa ẹ̀tọ́ àwọn tí ó rí bí tirẹ̀. Ní 1986 ó jẹ́rìí fún òfin ìlú New York tí ó ní a kò gbọdọ̀ torí èyí lé ẹnikẹ́ni ní ilé tàbí ní iṣẹ́, òfin náà sì jáde ní oṣù Kẹta ọdún náà. Nígbà tí a bi í léèrè ohun tí ó mú un jà láti èwe, ó ní ẹ̀kọ́ Kuékà tí ìyá àgbà òun kọ́ òun ni ìpilẹ̀ rẹ̀, pé ìdílé kan ni gbogbo ènìyàn.

Rustin kú ní New York ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ ọdún 1987, ní ẹni ọdún 75. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2013, Ààrẹ Obama fún un ní àmì ẹ̀yẹ tí ó ga jù lọ tí Amẹ́ríkà ní fún ará ìlú. Naegle ni ó gbà á ní orúkọ rẹ̀. Ní 2020, gómìnà California dárí ọ̀ràn Pasadena jì í. Orúkọ tí wọ́n yọ nínú ìwé 1955 sì ti padà sí ipò rẹ̀.

Àwọn ẹlẹ́sìn kò fi ẹnu kò lórí ìfẹ́ láàárín ọkùnrin àti ọkùnrin, ìjọ kan náà pàápàá a máa pín sí méjì lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tí ènìyàn ṣe yàtọ̀ sí èyí. Ìwọ́de 1963 wáyé, òfin tí ó tẹ̀lé e sì ń ṣiṣẹ́ títí di òní. Ọwọ́ tí ó tò ó kò ní di ọwọ́ ẹlòmíràn nítorí pé a kò fẹ́ ìwà tàbí ìfẹ́ ẹni tí ó ni ín. Olùkọ́ tí ó bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn ọjọ́ náà lè sọ ohun tí King sọ, kí ó sì tún sọ ẹni tí ó rí i dájú pé ẹni tí ó wà ní ẹ̀yìn pátápátá gbọ́ ọ.